Ohun Tí Ìdùnnú Fẹ́ Kó Wà Ní Apá Kejì

Ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ létí odò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kó lọ wá a síbòmíràn. Ìfẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, inú fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú iyàn jíjà, lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó kan tí kò sí láyé rárá.

Ìdùnnú, ọmọ Alàgbà Hezekiah, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kábà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó gbọ́n, ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́: ó fẹ́ràn géèmù orí fóònù. Èyí tó fẹ́ràn jù ń jẹ́ Àjò Ọlọ́nà. Ẹni tó bá ń ṣe é yóò yan èèyàn kan, yóò fún un lórúkọ àti iṣẹ́, yóò wá máa mú un rìn láti ìlú dé ìlú, tí á máa bá àwọn ará ibẹ̀ yanjú ìṣòro wọn, títí onítọ̀hún á fi di gbajúmọ̀, tí á fi gbéyàwó tàbí kó lọ́kọ. Láti ìgbà tí ìyá Ìdùnnú ti kú, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bí ilé bá ti dákẹ́ jù, inú géèmù yìí ló máa ń sá sí.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe géèmù náà kéde nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù wọn pé àwọn ń múra apá kejì sílẹ̀, kí oníkálukú sọ ohun tó bá fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní idà tó ń yọ iná làwọn fẹ́. Àwọn kan ń béèrè ẹṣin tó ní ìyẹ́. Ìdùnnú gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ nǹkan mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú rẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i bí tíṣà, ó wá tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

“Nọ́ńbà kẹta,” ó kọ ọ́, “ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ bàtà lásìkò òjò. Nọ́ńbà keje: ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa kí èèyàn. Bí mo bá kọjá lára ẹnì kan láàárọ̀, kó wí fún mi pé ‘Okun o’, bí wọ́n ti ń kí ara wọn nílẹ̀ wa, kí èmi náà dáhùn. Bí mi ò bá dáhùn, kó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nọ́ńbà kẹrìnlá: ọ̀rọ̀ òdòdó yìí ti sú mi. Kí ọkùnrin fún ọmọbìnrin ní òdòdó mẹ́wàá, kó sì di ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kó lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Kó kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn, kí wọ́n kọ irínwó ebè sí oko bàbá ìyàwó kí oòrùn tó kan àtàrí. Kó má mú fóònù dání. Bó bá sì kùnà, kò gbọdọ̀ sí pé ó ń tún un bẹ̀rẹ̀.”

Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọbalolúwa fi dá a lóhùn: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ ti arábìnrin yìí o. Èmi ti fi òdòdó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀.”

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú bí Ìdùnnú. Bó ṣe ń wá èsì tó le jù láti fi pa á lẹ́nu mọ́, ìtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé láti ọ̀dọ̀ Ọbalolúwa, sí òun nìkan.

“Ẹ má bínú. Nọ́ńbà keje yẹn ló jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n máa kí òun ní ‘Okun o’ nínú géèmù, ọmọ ibo ni nílẹ̀ wa?”

“Ọmọ Kábà. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mọ́pà. Lọ́kọ́jà ni mo ti ń bá wọn gbé iná oòrùn sórí òrùlé. Okun o.”

“Okun. Irọ́ ni ti ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ọ̀lẹ lẹ jẹ́.”

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni Ọbalolúwa béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, nítorí òun nìkan, nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ló ka ìwé Ìdùnnú dé òpin. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n kà báyìí pé: “Bàbá ọmọbìnrin tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbólóhùn kan péré ló mọ̀ sọ: ‘Ó di ìgbà díẹ̀ sí i.’ Ẹ jẹ́ kó ní gbólóhùn kejì. Mo rò pé ẹ̀rù nǹkan kan ló ń bà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lè bi í pé kí ni.”

“Ṣé inú géèmù nìkan ni bàbá yìí wà?” Ọbalolúwa béèrè.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Ìdùnnú jẹ́wọ́. Ọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá fún wọn lómi mu, ó gbọ́ wọn jálẹ̀, ó sì wí fún àwọn méjèèjì pé, “Ó di ìgbà díẹ̀ sí i.” Ìgbà díẹ̀ náà kò dé rí. Àwọn ọkùnrin náà ti fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ti bímọ báyìí.

*

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Ọbalolúwa ń lọ sí Mọ́pà fún Kérésìmesì, ó sì ní ọkọ̀ àwọn yóò dúró ní gáréèjì Kábà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èrò kan lè sọ̀. Ìdùnnú wí fún bàbá rẹ̀ pé ata lòun fẹ́ lọ rà. Ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ata.

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, eruku ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ pupa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rí Ìdùnnú.

“Okun o,” ó wí.

Ìdùnnú ti ka gbólóhùn yẹn lára fóònù nígbà àìmọye, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. “Okun,” ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé ó tì í lójú.

“Mo rò pé ẹ ga jù báyìí lọ ni.”

“Èmi náà rò pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ dúró ṣánṣán.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà fọn fèrè. Ọbalolúwa nawọ́ sókè pé òun ń bọ̀, àmọ́ kò gbé ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ máa rẹ ẹṣin apá kejì, kó máa mu omi, kó máa kọ̀ láti rìn bó bá wù ú. Ìdùnnú ní kì í ṣe ẹṣin nìkan, kí àwọn èèyàn náà máa darúgbó, kí ilé tá a bá fi sílẹ̀ pẹ́ máa jò. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni bọ́ọ̀sì gbéra, tòun ti àpò Ọbalolúwa.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Ìdùnnú fi gbọ́ gbogbo rẹ̀: “Ọbalolúwa! Mo dúró sí oríta, bọ́ọ̀sì dé, wọ́n gbé àpò rẹ fún mi. Ìwọ fúnra rẹ dà?”

“Màmá, Kábà ni mo wà.”

“Kí lo gbàgbé síbẹ̀?”

Ọbalolúwa wo Ìdùnnú. “Mi ò tí ì gbàgbé rẹ̀, màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.”

Bí Ọbalolúwa ti ń gun ọ̀kadà lọ nínú eruku, Ìdùnnú dúró sí gáréèjì títí kò fi rí i mọ́. Ó délé láìra ata kankan.

*

Nínú oṣù kẹta, Ìdùnnú sọ ọ̀rọ̀ Ọbalolúwa fún bàbá rẹ̀.

Alàgbà Hezekiah ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níbi tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́ka ọ̀gbìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, a kì í gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

“Níbo lẹ ti pàdé?”

Ìdùnnú kì í purọ́ fún un. “Nínú géèmù ni, sà.”

“Géèmù. Ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.” Ó mi orí. “Ọwọ́ tó ń tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Ìdùnnú, ṣé ó lè di ọkọ́ mú?”

Ìdùnnú wọ yàrá lọ pẹ̀lú omijé lójú, ó sì gbàgbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì. Àṣìṣe ńlá ni. Bí wọ́n bá gbé ìwé ka iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, yóò kà á ni, pàápàá tó bá ní nọ́ńbà.

Ní Sátidé kejì, Ọbalolúwa wá. Bíọ́dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ṣe alárinà, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bíọ́dún tún fìlà rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí àgbà:

“Bàbá wa, à ń kọjá lọ ni a rí òdòdó kan tó tanná nínú ọgbà yín, ó wù wá, a ní ká wá...”

“Òdòdó?” Alàgbà dá a dúró. “Mélòó? Mẹ́wàá ni?”

Bíọ́dún ṣí fìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún dé. Ìdùnnú tó ń gbé omi bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi náà sílẹ̀, torí ó ti rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí itan bàbá rẹ̀.

Alàgbà ṣí ìwé. “Nọ́ńbà kẹrìnlá,” ó kà, bí ìgbà tó ń ka ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. “Irínwó ebè kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Kò sí fóònù. Bó bá kùnà, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀.” Ó gbójú sókè. “Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, sà,” Ìdùnnú wí.

“Ó dára. Èmi ò fi nǹkan kan kún un. Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o gbà?”

Ọbalolúwa wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó wo Ìdùnnú. “Mo gbà, sà.”

“Èmi ńkọ́?” Bíọ́dún kùn. “Ṣé wọ́n bi mí?”

Alàgbà júwe ọ̀nà fún wọn. Kí wọ́n gba ọ̀nà Ayewa. Bí wọ́n bá ti dé ibi igi kajú méjì, kí wọ́n yà sọ́tùn-ún. Wọn yóò rí ìlà pẹ̀rẹ́gún, ibẹ̀ ni oko wà. Òun náà yóò bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀.

Ìdùnnú ò sinmi láti ọjọ́ yẹn. Ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ta ló rán an ní irínwó? Igba kò ha tó? Èwo ni ti kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀? Ó mọ̀ pé bí Ọbalolúwa bá kùnà, bàbá òun yóò sọ gbólóhùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí, òun fúnra òun ló sì fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà lábẹ́ èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá yege ńkọ́? Ta ni yóò kù sílé pẹ̀lú bàbá?

*

Lẹ́yìn òjò méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Ìdùnnú ti gún iyán, ó ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó kó o sínú kúlà, ó gun ẹ̀yìn àlùpùpù bàbá rẹ̀. Wọn ò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí táyà jò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ìyókù, Ìdùnnú gbé kúlà lérí, Alàgbà ń ti àlùpùpù. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí wọ́n tó dé ibi igi kajú méjì.

Wọ́n gbọ́ orin kí wọ́n tó rí ẹnikẹ́ni. Ọbalolúwa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti bọ́ ẹ̀wù, òógùn bò wọ́n, ebè sì tò lẹ́sẹẹsẹ, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó wuyì.

“Bàbá, okun o!” Ọbalolúwa kígbe tayọ̀tayọ̀. “Ó ku mẹ́wàá péré!”

Alàgbà dá àlùpùpù dúró. Ìdùnnú wo ebè, ó wo pẹ̀rẹ́gún, ó sọ kúlà kalẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Pẹ̀rẹ́gún ni ààlà. Ààlà sì ní ìhà méjì. Bàbá tó ti mọ ìhà tirẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún kò rántí pé àlejò kò lè mọ̀ ọ́n. Ìhà kejì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ ebè sí, nínú oko Màmá Zipporah. Kò sì sí fóònù lọ́wọ́ wọn tí wọn ì bá fi béèrè.

Ká ní oko ẹlòmíràn ni, ì bá sàn. Opó ni Màmá Zipporah, ọdún keje nìyí tí òun àti Alàgbà Hezekiah ò kí ara wọn. Ẹnì kan ló fa pẹ̀rẹ́gún bíi mélòó kan tu nígbà kan, ilẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló dá ìjà sílẹ̀, oníkálukú sì ń nàka sí ẹnì kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, èkejì á gba ti ẹ̀gbẹ́. Nílẹ̀ Okun, níbi tí a ti ń fi ìkíni pe ara wa lórúkọ, ìjà tó ju ìyẹn lọ kò sí.

Bí a bá sì dárúkọ ẹni rere, a máa ń yọjú ni. Màmá Zipporah yọ láti ọ̀nà ẹ̀bá odò, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ó dúró. Ó ka ebè lójú. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

“Olúwa, o ṣeun! Èmi tí mo bí ọkùnrin nìkan, ta ló rán àna sí mi?”

“Wọ́n ṣìnà ni,” Alàgbà wí, sí igi kajú, torí kò fẹ́ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ tààrà.

Ọbalolúwa gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ṣú. Bíọ́dún jókòó sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n ti lẹ́sẹ̀. Ìdùnnú rò pé ó ti parí nìyẹn.

Àmọ́ Ọbalolúwa bojú wo òkè. “Oòrùn ò tí ì kan àtàrí,” ó wí. Ó gbé ọkọ́, ó rékọjá pẹ̀rẹ́gún, ó bẹ̀rẹ̀ ebè kìíní.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ara wọn. Bíọ́dún kọ́kọ́ gégùn-ún fún ẹni tó dá géèmù sílẹ̀, ó wá dìde tẹ̀ lé e. Ìdùnnú ká ìró rẹ̀ sókè, ó mú ọkọ́ bàbá rẹ̀. Ibi tí Alàgbà ti ń wò ó tìyanutìyanu, ẹlòmíràn tún ti rékọjá ààlà. Màmá Zipporah ni.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ó wí fún wọn. “Ẹ ti ṣe tèmi, ó ti di àáró. Ta ló ń jẹ àáró tí kì í san án? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.” Ó tẹ̀ba, ebè rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wọn lọ.

Wọ́n kọ ọ́ títí òjìji wọn fi kó sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà náà ni Alàgbà wí pé, “Oòrùn ti kan àtàrí.”

Bíọ́dún ló ka ebè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá á pọ̀ sí i. “Igba ó lé mẹ́fà,” ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

Ìdùnnú ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó ń retí gbólóhùn yẹn. Ọbalolúwa gbé ọkọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná náà.

“Bàbá, mo kùnà nọ́ńbà kẹrìnlá,” ó wí. “Mi ò ní bẹ̀ yín pé kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ sá jẹ́ kí n ṣe nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.” Ó gbé orí sókè. “Kí ló ń bà yín lẹ́rù, sà?”

Ìdùnnú di ẹnu mú. Kò sẹ́ni tó bi bàbá rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Òun gan-an kò bi í rí. Inú géèmù ló kọ ọ́ sí.

Alàgbà Hezekiah jókòó sórí ebè kan.

“Yàrá márùn-ún ni ilé mi ní,” ó wí. “Bí mo bá jí láàárọ̀, ohùn kan ṣoṣo ló ń kí mi nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá lọ, ta ni yóò wí fún mi pé okun o?”

Omi dà lójú Ìdùnnú. Ó fẹ́ sáré lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀.

“Bàbá Ìdùnnú.” Màmá Zipporah dúró láàárín ebè, amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọdún méje kì í ṣe eré. “Okun o.”

Alàgbà wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

“Okun, Màmá Zipporah,” ó dáhùn. “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mà ṣì ń kọ ebè bí ọmọge.”

“Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí ọ̀kan nínú rẹ̀ yẹn,” màmá náà wí.

Ẹ̀rín bú. Alàgbà fò dìde, ó gbọn sòkòtò rẹ̀. Ó wá rántí ẹni tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

“Ọbalolúwa,” ó wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é lórúkọ. “Dìde, ọmọ mi. Wá jẹ iyán kó tó tutù. Lẹ́yìn náà, lọ pe àwọn òbí rẹ wá.”

Ìdùnnú ka gbólóhùn náà lọ́kàn rẹ̀. Mẹ́ta ni. Ó ju èyí tó béèrè lọ.

*

Oṣù kẹjọ ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọbalolúwa ní òrùlé pọ̀ ní Kábà ju èyí tí òun lè gbé iná oòrùn sí tán láyé òun lọ, ó gba ilé kan ní àdúgbò kejì sí ti bàbá ìyàwó rẹ̀. Bí Ìdùnnú bá ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, á yà kí bàbá rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, á bá a pé ẹnì kan ti kí i ṣáájú òun, tí wọ́n jọ ń jiyàn nípa ibi tó yẹ kí àwọn tún gbin pẹ̀rẹ́gún sí. Iyàn náà kò jọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó tètè parí. Mo dákẹ́ níbẹ̀.

Apá kejì géèmù náà kò tí ì jáde títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń ṣe é kọ̀wé sí Ìdùnnú pé àwọn ti gba nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé, kí ó jọ̀wọ́ sọ gbólóhùn kejì tó fẹ́ kí bàbá ẹnu ọ̀nà yẹn máa sọ.

Ìdùnnú gbé fóònù lọ bá bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn. Bí ọkùnrin náà bá dé ẹnu ọ̀nà, kí ni kí bàbá wí fún un?”

Alàgbà Hezekiah gba fóònù, ó wo bàbá kékeré tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú rẹ̀, kò ní orúkọ, kò ní aya, kò kúrò lójú kan. Ó wò ó pẹ́.

“Kó wí fún un pé, ‘Wọlé, ọmọ mi,’” ó wí. “‘Mo ti ń retí rẹ láti àárọ̀.’”